Gẹ̀ẹ́sì Okòwò: Ẹ Mọ Nǹkan Kí Ẹ Tó Mọ Orúkọ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí dá lórí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá tí wọ́n ń lò nínú okòwò àti níbi iṣẹ́ òde òní, pàápàá nígbà tí èèyàn bá dìde níwájú àwùjọ láti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí à ń pè ní presentation. Àwa SS2 máa tún ṣe é ní táàmù tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ bí mo ṣe kùnà ti àkọ́kọ́, kí ẹlòmíì má baà ṣubú síbi tí mo ṣubú sí.

Ní táàmù tó kọjá, olùkọ́ Commerce wa pín wa sí ẹgbẹ́ márùn-ún-márùn-ún, pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé ètò òwò kékeré kan kalẹ̀. Ẹgbẹ́ wa mú òwò mọ́ínmọ́ín, torí òun ni màmá mi ń tà. Èmi ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń há ọ̀rọ̀ sórí: "synergy", "leverage", "profit margin", "break-even point". Nígbà tó di ọjọ́ náà, mo dúró gbọnyin, mo ní, "Our profit margin is fifty percent." Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Àlejò tí wọ́n pè wá ṣe adájọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Fifty percent of what?"

Ìdá àádọ́ta nínú kí ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ ẹ rántí. Mo wo àjà, mo wo ilẹ̀. Mo tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lẹ́ẹ̀mejì, ohùn mi wá ń lọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni máàkì wa bá lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn mẹ́rin yòókù ti ṣiṣẹ́ tiwọn dáadáa. Ẹnu tèmi ló kó bá wọn.

Nígbà tí mo délé, màmá mi ń fọ ewé. Mo ròyìn fún wọn. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n ń pè ní margin ọ̀hún?" Mo ní èrè ni. Wọ́n ní, "Èrè lórí owó tí mo ná ni, àbí èrè nínú owó tí mo gbà? Ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ nìyẹn o."

Háà! Ìdáhùn tí mo ń wá nìyẹn. Màmá mi ò ka Commerce rí, àmọ́ wọ́n mọ nǹkan náà. Èmi mọ orúkọ, n ò mọ nǹkan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí bí mo ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ padà. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ díẹ̀ wò. Iye tí mo máa lò yìí sún mọ́ ti ṣọ́ọ̀bù wa, mo kàn tún un ṣe kó lè rọrùn láti ṣírò.

1. "Mark-up" àti "profit margin"

Ká ní mọ́ínmọ́ín kan ń jẹ ₦200 kó tó jinná: ẹ̀wà, ata, epo, ewé, gáàsì. ₦300 la wá ń tà á. Èrè orí rẹ̀ jẹ́ ₦100. Tí ẹ bá fi ₦100 yìí wé ₦200 tí a ná, ìdajì ni, ìyẹn ìdá 50 nínú 100. "Mark-up" nìyẹn. Tí ẹ bá fi wé ₦300 tí oníbàárà san, ìdá kan nínú mẹ́ta ni, bí ìdá 33 nínú 100. "Profit margin" nìyẹn. Ṣé ẹ rí ibi tí mo ti ṣìnà? Mark-up ni mo ń pè ní margin.

2. "Break-even point"

Owó ṣọ́ọ̀bù ₦9,000 lóṣù, owó iná àti ilẹ̀ gbígbá ₦3,000. ₦12,000 nìyẹn, a tà o, a ò tà o, a máa san án. "Fixed cost" ni wọ́n ń pè é. Èrè mọ́ínmọ́ín kan jẹ́ ₦100, nítorí náà a gbọ́dọ̀ ta 120 kí owó náà tó pé. Tí a bá ń ta 40 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta ni. Bí màmá mi ṣe sọ ọ́ rèé: "Mọ́ínmọ́ín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ lóṣù, ti lánlọ́ọ̀dù ni. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó bẹ̀rẹ̀ tèmi." Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tún lè gbàgbé ìtumọ̀ break-even lẹ́yìn ìyẹn.

3. "Turnover" àti "cash flow"

Turnover ni gbogbo owó tí ọjà tí a tà jẹ́, láì tíì yọ ohun tí a ná. Tí a bá ta 1,000 lóṣù ní ₦300, turnover wa jẹ́ ₦300,000. Kì í ṣe èrè o. Èrè ni ₦100,000, tí a bá yọ ₦12,000 ọ̀hún kúrò, ó ku ₦88,000.

Cash flow ni bí owó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde. Àwọn kan máa ń ra àwìn, wọ́n á ní ó di ìparí oṣù. Lórí ìwé, èrè wà. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́wà ò ní gba ìwé lọ́wọ́ wa, owó ló ń gbà. Òwò tó ń jèrè lè dẹnu kọlẹ̀ torí pé owó ò sí nílẹ̀.

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò pé ohun tí ojú rí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ yìí. "Capital" wá láti inú ọ̀rọ̀ èdè Látìnì tó túmọ̀ sí orí. Àwa náà ń pè é ní ojú owó! "Budget" wá láti inú ọ̀rọ̀ èdè Faransé àtijọ́ fún àpò awọ kékeré. "Bankrupt" sì wá láti èdè Ítálì: bẹ́ǹṣì tó ti fọ́, torí orí bẹ́ǹṣì ni àwọn tó ń ṣe owó máa ń jókòó sí ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́.

4. Nígbà tí ẹ bá dúró níwájú èèyàn

Ẹni tó ń gbọ́ wa kò rí ìwé wa, nítorí náà ẹ máa fi ọ̀nà hàn án. Tí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀: "Let me start with our costs." Tí ẹ bá ń kúrò lórí kókó kan: "This brings me to our prices." Tí ẹ bá ń parí: "To sum up."

Ẹ ṣọ́ "by" àti "to". Tí ọjà bá kúrò ní 40 tó di 50 lójúmọ́, a lè sọ pé "Sales rose by 10" tàbí "Sales rose to 50." Ẹni tó bá ní "rose to 10" ti ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́.

Ẹ ṣọ́ ohùn náà. Àwa tí à ń sọ Yorùbá mọ̀ pé igbá, igba àti ìgbà kì í ṣe ọ̀kan náà. Gẹ̀ẹ́sì náà ní ibi tó máa ń tẹ̀ mọ́. Tí "increase" bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, iwájú la máa tẹ̀: IN-crease. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, ẹ̀yìn ni: in-CREASE. Bákan náà ni "record" àti "present". Ó wúlò fún ìdánwò Orals pẹ̀lú.

Tí wọ́n bá sì bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ má wo àjà bíi tèmi. Ẹ sọ pé: "I don't have that figure with me. May I get back to you?" Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ kàn rí i dájú pé ẹ padà lọ fún un lésì.

Ní ti "synergy" àti "leverage", mo ti yọ wọ́n kúrò. "We work together" ti tó. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jù máàkì lọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù tí màmá mi wà fún wọn ní fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ ọ́. Níbì kan, fọ́ọ̀mù béèrè "monthly turnover". Ká ní táàmù tó kọjá ni, iye èrè ni ǹ bá kọ síbẹ̀, àwọn tó ń yáni lówó á sì rò pé òwò náà kò tó bó ṣe tó. Mo dá bírò dúró. Mo ní, "Màmá mi, kì í ṣe èrè ni wọ́n ń bi wá o, gbogbo owó tó wọlé ni." Wọ́n mú ìwé ọjà wọn jáde, a jọ ṣírò rẹ̀. A ò tíì gbọ́ èsì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn tọ̀nà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ lọ bá ẹnì kan tó ń tajà ládùúgbò yín, kí ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ bi wọ́n léèrè mẹ́ta: Ẹ̀yin mélòó lẹ máa tà kí owó ṣọ́ọ̀bù tó pé? Ṣé owó tó wọlé lẹ fi ń ka èrè ni àbí èyí tó ṣẹ́kù? Kí lẹ máa ń ṣe tí àwọn aláwìn ò bá san? Ẹ kọ ìdáhùn wọn ní Yorùbá, lẹ́yìn náà kí ẹ wá orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tó bá a mu. Ẹ kó o wá fún ẹgbẹ́ oníròyìn wa kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Èyí tó bá dára jù, orí ògiri yìí la máa lẹ̀ ẹ́ mọ́.