Kóòdù Wà Nílẹ̀, Àwòrán Rẹ̀ Dà?

Lóṣù tó kọjá, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ṣàpọ́n pè mí. Oníbàárà rẹ̀ kan ti san gbèsè tán, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ní ó ṣì jẹ ₦18,000. Obìnrin náà bínú lọ. "Ọmọ mi, ẹ̀rọ yín yìí fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ o."

Ẹni tó kọ ètò náà ti wà ní Kánádà. Fáìlì Python 39 ló fi sílẹ̀, kò sí àlàyé kankan.

Ẹ mú àdìrẹ tí wọ́n ti rẹ tán lọ sí Ìtòkú. Ìyá tó mọ iṣẹ́ á wò ó, á sì sọ ibi tí wọ́n so àti ibi tí wọ́n fi ẹ̀kọ sí. A lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún kóòdù náà. Nínú àwòrán kíláàsì, kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní àpótí tirẹ̀: orúkọ, dátà tó ní, iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọfà ló ń so wọ́n pọ̀. Inú UML, tí OMG tẹ́wọ́ gbà ní 1997, ni ọ̀nà ìyàwòrán yìí ti wá.

Pyreverse ni mo lò; inú Pylint ló wà. Ẹ fi Graphviz náà sórí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ wá tẹ:

pip install pylint
pyreverse -k -o png -p soobu soobu

"soobu" ìkẹyìn ni fódà kóòdù. -k ní kó kọ orúkọ kíláàsì nìkan. Èmi ò fi í sí nígbà àkọ́kọ́, àwòrán tó jáde rí bí okùn tó lọ́ mọ́ra!

Nígbà tí mo yọ -k kúrò, tí mo sún mọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ owó wà, mo rí i: "balance" wà nínú Customer, ó tún wà nínú Sale. Ọfà Payment sì lọ sọ́dọ̀ Sale nìkan. Ṣé ẹ ti rí i? Téèyàn bá sanwó, ti Sale á dín, ti Customer á dúró bó ṣe wà. Ti Customer yìí ni ìwé gbèsè ń kà.

Ṣùgbọ́n ẹ má gba àwòrán gbọ́ tán. Tí kóòdù bá kọ self.payments = [], pyreverse á mọ̀ pé list ni, kò ní mọ ohun tí wọ́n máa kó sínú rẹ̀, ìyẹn ni pé kò ní fa ọfà. Nítorí náà mo ṣí fáìlì Payment, mo kà á fúnra mi kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Báírò ni mo fi fa ọfà kan tó sọnù sórí ìwé tí mo tẹ̀ jáde.

Mo yọ "balance" kúrò nínú Customer. Àròpọ̀ ti Sale ló ń lò báyìí. Mo fi àwòrán náà han Màmá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Èwo wá ni èmi níbẹ̀?" Kò sí àpótí kankan fún ọlọ́jà.