Fífi Òfin De Odò Kí Ẹja Lè Bí Sí I

Bí a bá ra àrọ̀ ní ọjà Gwágwáládà tí a bá ẹyin nínú rẹ̀, ṣe ni inú ọlọ́bẹ̀ máa ń dùn. Ẹyin ẹja dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ẹja ló bá ọbẹ̀ yẹn lọ. Àrọ̀ kì í ṣàdédé yé ẹyin. Ìgbà tí òjò bá mú kí odò kún àkúnya ni ó máa ń wọ inú koríko etídò lọ yé e. Apẹja náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ó sì ń dẹ àwọ̀n sí.

Ìdí nìyí tí a fi ń yan ìgbà kan tí àwọ̀n yóò sinmi. Ìyá ẹja tí a dá sí lónìí yóò yé, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì tóbi díẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn.

Ẹ má rò pé àwọn òyìnbó ló kọ́ wa. Ní Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, òfin ló de odò Matan Fada títí di ọjọ́ ọdún ẹja pípa. Sarkin Ruwa, èyí tí í ṣe olórí omi, ló ń mójú tó o. Ọdún 1934 ni ayẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀ ní irú èyí tí a mọ̀, nígbà tí Sultan Sókótó, Hassan dan Mu'azu, bẹ̀ wọ́n wò tí ìjà àtijọ́ sì parí. Ẹja tó gba ipò kìíní ní 2005 wọn kílò 75! UNESCO kọ ọdún náà sínú ìwé ní 2016.

Ṣùgbọ́n apá odò kan péré ni ti Argungu. Apẹja lè gba ibòmíràn lọ. Òkun Gánà ni ọ̀rọ̀ ti le. Láti 2016 ni wọ́n ti ń dá àwọn ọkọ̀ apẹja ńlá dúró. Nígbà tí wọ́n ní kí ọlọ́kọ̀ ọpọ́n náà sinmi ní August 2018, àwọn apẹja fárí gá, ìjọba sì sún un síwájú. Ní 2019 wọ́n ti òkun láti 15 May sí 15 June. Èrò tèmi ni pé oṣù náà kò bá a mu, nítorí láti nǹkan bí July ni omi tútù ń ru sókè tí ṣawá sì ń yé jù. Ní 2021 wọ́n gbé e sí July.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí ọkọ̀ kò bá lọ sókun, kí ni ìyá tó ń yan ẹja yóò tà? Ìrẹsì àti òróró tí ìjọba pín kò lè tó owó oúnjẹ oṣù kan. Ní 2025 ìjọba yọ ọlọ́kọ̀ ọpọ́n kúrò nínú òfin July, ọkọ̀ ńlá nìkan ló dúró. Àwọn kan ní ojo ni ìjọba. Èmi kò bá wọn sọ ọ́, síbẹ̀ ọkọ̀ ọpọ́n ló ń kó ṣawá jù lọ. Bí àwọ̀n tiwọn kò bá sinmi, tí wọ́n sì ń tan iná pe ẹja lóru, ìsinmi ọkọ̀ ńlá nìkan kò lè dá ṣawá padà.