Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Bí A Ṣe Ń Gbin Àgbáyun Sínú Ìkòkò Nílùú Òtútù

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí igi kékeré kan tí púpọ̀ nínú wa ti mọ̀ láti ìgbà èwe, èyíinì ni àgbáyun. Ìdí tí a fi mú un ni pé àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà ń béèrè irúgbìn rẹ̀, wọ́n fẹ́ gbìn ín sínú ilé. Àwọn òyìnbó pàápàá ń gbìn ín. Àwọn oníṣòwò kan láàárín wa sì ti ń wò ó pé ọjà dé nìyẹn. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí a tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí igi yìí ń fẹ́, nítorí irúgbìn tó ti kú kì í sọ fún ẹni tó ń rà á pé òun ti kú.

Kí ni wọ́n rí lára rẹ̀?

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: bí ènìyàn bá lá àgbáyun tán, tó wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ sẹ́nu, adùn ni yóò bá níbẹ̀. Òyìnbó Faransé kan tó ń jẹ́ des Marchais rí i ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 1725, ó sì ròyìn rẹ̀. Ní 1968 ni àwọn onímọ̀ yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ náà jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní miraculin. Kì í ṣe ṣúgà rárá. Ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n, tí ohun kíkan bá sì kàn án, ahọ́n á gbà á bí ohun dídùn. Ó lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan kí ó tó ṣí kúrò. Iná máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, ìdí nìyí tí a kì í fi í sè é.

1. Irúgbìn

Èso kan, kóró kan. Kóró àgbáyun kò dà bí àgbàdo tàbí ẹ̀wà tí a lè sá gbẹ kí a fi pa mọ́ de ọdún tó ń bọ̀. Bí ó bá gbẹ, ó kú. Bí a bá ti jẹ ara rẹ̀ tán, kí a fọ kóró náà mọ́, kí a gbìn ín lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá fún oṣù mẹ́ta kó tó tà á, ẹ jọ̀wọ́, kí ló tà? Òkúta ni.

2. Ìkòkò àti ilẹ̀

Igi tó wà lóko lè fi gbòǹgbò wá oúnjẹ kiri. Èyí tó wà nínú ìkòkò, ohun tí a bá gbé fún un nìkan ló ń jẹ. Nítorí náà, ilẹ̀ inú ìkòkò ṣe pàtàkì ju ìkòkò fúnra rẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ tó kan ni àgbáyun ń fẹ́. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní pH. Lórí òṣùwọ̀n yìí, 7 ni àárín, ilẹ̀ tó bá sì rẹlẹ̀ sí 7 ti ń kan. Èyí tó bá àgbáyun lára mu wà láàárín 4.5 sí 5.8. Lókè òkun, kí wọ́n ra ilẹ̀ inú àpò tí wọ́n ń tà fún òdòdó tó fẹ́ràn ilẹ̀ kíkan, irú bí rhododendron àti azalea, kí wọ́n sì po èèpo igi wẹ́wẹ́ mọ́ ọn kí omi lè máa rí ọ̀nà jáde. Ìdí ìkòkò gbọ́dọ̀ ní ihò. Kí a fi ìkòkò kékeré bẹ̀rẹ̀, kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ bí gbòǹgbò bá ti ń kún un. Bí igi kékeré bá wà nínú ìkòkò ńlá, omi á dúró síbẹ̀, gbòǹgbò á rà.

Ẹ má sì da eérú sí i o! Eérú tó ń ran àwọn irúgbìn mìíràn lọ́wọ́ lóko máa ń pa kíkan ilẹ̀ ni.

3. Omi

Ọ̀pọ̀ nínú omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù gba inú òkúta ẹfun kọjá. Ẹ ní kí àwọn ọmọ wo inú kẹ́tù wọn, ẹfun funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn ló ń bá wọn wọ inú ìkòkò. Díẹ̀díẹ̀ ni kíkan ilẹ̀ á máa pòórá, tí ewé á sì máa pọ́n. Omi òjò ló dára jù, kí wọ́n máa gbè é. Ilẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ táútáú, kò sì gbọdọ̀ dà bí ẹrẹ̀.

4. Òtútù àti ìmọ́lẹ̀

Yìnyín ń pa àgbáyun. Bí òtútù òru bá ti ń sún mọ́ 10°C, kí a gbé ìkòkò wọlé, ó di ìgbà ooru kó tó jáde. Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Láàárín 1684 sí 1686, wọ́n kọ́ ilé ńlá kan sí ààfin Versailles ní ilẹ̀ Faransé kí igi ọsàn tí wọ́n gbìn sínú àpótí lè máa ríbi sá sí nígbà òtútù.

Nínú ilé náà, wàhálà méjì ló kù. Èkíní ni pé hítà ń gbẹ afẹ́fẹ́, etí ewé á máa jóná. Kí wọ́n má gbé ìkòkò sún mọ́ hítà, kí wọ́n sì máa fi omi díẹ̀ wọ́n ewé. Èkejì ni ìmọ́lẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, ojúmọ́ Lọ́ńdọ̀nù kò tó wákàtí mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ni tiwa ń lọ sí méjìlá. Ẹ̀bá fèrèsé tó mọ́lẹ̀ jù ni kó wà. Bí kòkòrò funfun bí òwú bá bà sára ewé, kí wọ́n fi omi ọṣẹ nù ún.

5. Sùúrù

Láti inú kóró, ó máa ń tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kí àgbáyun tó so. Ẹni tó ń dá owó nínú ẹgbẹ́ mọ ìtumọ̀ èyí: a kì í dáwó lónìí kí a máa béèrè èlé lọ́la. Bí ó bá tanná nínú ilé, kò sí afẹ́fẹ́, kò sí kòkòrò. Kí wọ́n máa rọra gbọn ẹ̀ka rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjà

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ fetí sí èyí. Kóró, èso àti igi kò kàn lè kọjá ibodè bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ìlera irúgbìn wà, Nigeria Agricultural Quarantine Service ló ń fún ni ní Nàìjíríà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè òfin ìlú tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí, ẹ má sì fi igi tí ilẹ̀ lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó bá fi í pamọ́ sínú àpótí aṣọ, wọ́n lè gbà á dànù, kí owó àti orúkọ bá a lọ. Fún ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa, ó rọrùn kí wọ́n ra igi kékeré lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́ ọ lọ́hùn-ún. Ẹ sọ òtítọ́ yìí fún wọn, bí kò tilẹ̀ mówó wá. Ọjà kan tí a pàdánù kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníbàárà tí kò gbà wá gbọ́ mọ́.

Iṣẹ́ kan wà tí kò gba ìwé ẹ̀rí kankan. Igi àgbáyun tó wà lóko wa, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń ṣán an mọ́ igbó. Àwọn kan ń gbé e wọlé nítorí yìnyín, àwa tí a ní oòrùn àti òjò lọ́fẹ̀ẹ́ ń gé e dànù. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa gbin ó kéré tán méjì sí ẹ̀yìnkùlé tàbí sí abẹ́ ibòji igi lóko, láti inú èso tútù, ní kété tí òjò bá ti mulẹ̀. Ẹni tó bá ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú igi kékeré wá sí ìpàdé fún àwọn tí kò ní. Ire o.