Iṣẹ́ Abẹ Ìlẹ̀kùn Ọkàn fún Ẹni Tí Ó Ní Kíndìnrín Kan

Ìlẹ̀kùn 4 ni ó wà nínú ọkàn ènìyàn, kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, tí dókítà sì ní kí ẹ wá ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé kíndìnrín kan ṣoṣo ni ẹ ní. Ẹ má rò pé ó ti mọ̀. Ẹni tí a bí bẹ́ẹ̀ kò ní àpá kankan lára.

Kíndìnrín kan tí kò ní àrùn tó ènìyàn lò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lákòókò iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ tí ń dé kíndìnrín lè dínkù, kò sì sí èkejì tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò ṣáájú. Bí wọn yóò bá fa oògùn sí yín lára kí iṣan ọkàn lè hàn nínú àwòrán, ẹ béèrè iye ọjọ́ tí kíndìnrín yóò fi sinmi kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jáwọ́ nínú ibuprofen, diclofenac àti àgbo. Àgbo ni ó ṣòro jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti fi sílẹ̀, a mọ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn yín, pẹ̀lú ìgò àgbo náà, lọ fi han dókítà. Omi mímu pàápàá, òun ni yóò sọ ìwọ̀n rẹ̀, nítorí omi púpọ̀ a máa ni ọkàn tí ó ti rẹ̀ lára. Ẹ jẹ́ kí dókítà eyín yẹ ẹnu yín wò pẹ̀lú: kòkòrò àrùn inú eyín tí ó jẹrà lè gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bà lé ìlẹ̀kùn tuntun náà.