Ta ló ni ìlù tó wà nínú àwo bàbá mi?

ÌBÉÈRÈ

Rápà ni mí, Yorùbá ni mo fi ń kọrin. Bàbá mi ní àwo àpàlà kan tó jáde ní 1968. Pródúsà mi gé ibi tí àwọn onílù ti ń dá lù láìsí ohùn olórin, kò tó ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ó wá ń yí i po lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi. Bàbá mi gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dárúkọ àwo náà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tí kò bá ti ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà lọ, ọ̀fẹ́ ni. Òmíràn ní mo ti jalè. Mo tún fẹ́ tún orin rápù àtijọ́ kan kọ látòkèdélẹ̀, wọ́n ní àbùkù ni fún rápà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Olórin tó ń bọ̀, Ìdí-Arẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, jẹ́ ká kọ́kọ́ ti ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà yẹn síta. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀, yálà nílé wa níbí tàbí ní Amẹ́ríkà tí rápù ti wá. Ní 2005, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan ní Cincinnati dá ẹjọ́ lórí gìtá ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré tí wọ́n gé nínú àwo Funkadelic: ó ní ẹni tí kò bá gba àṣẹ, kó má gé e rárá. Ní 2016, òmíràn tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà gbọ́ ẹjọ́ fèrè kan nínú "Vogue" ti Madonna, tí kò tó ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òun ní ohun tí etí àwọn tó ń gbọ́ orin kò lè dá mọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń torí ẹ̀ pera ẹni lẹ́jọ́. Ohùn àwọn adájọ́ kò ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ti dá ẹjọ́ tìrẹ: ó gbọ́ ọ, ó dárúkọ àwo.

Kì í kúkú ṣe òfin ló jẹ́ kí irú gígé bẹ́ẹ̀ máa kúrú. Ní Bronx ní 1973, àwo méjì tó jẹ́ ọ̀kan náà ni DJ Kool Herc ń lò, kó lè máa fa ibi tí ìlù ti ń dá dún gùn fún àwọn oníjó. Nígbà tí SP-1200, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ohùn, dé ní 1987, bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré ni ohùn tí ikùn rẹ̀ lè gbà. Ohun tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrú.

Wàyí o, àwo kan ṣoṣo, ẹni méjì ló ni ín. Èkíní ni ẹni tó gbé orin náà kalẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ohùn rẹ̀. Èkejì ni ẹni tó ni ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò, ilé iṣẹ́ tó gbé àwo jáde sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí o bá gé àwo, ohun ìní àwọn méjèèjì lo fọwọ́ kàn. Bí o bá tún un kọ, tí o kó onílù tìrẹ jọ, ẹni àkọ́kọ́ nìkan ni ìwọ àti ẹ̀ ní ọ̀rọ̀. Nígbà tí Sugarhill Gang ṣe "Rapper's Delight" ní 1979, ńṣe ni wọ́n ní kí àwọn onílù àti onígìtá tún "Good Times" ti Chic lù. Síbẹ̀, Nile Rodgers àti Bernard Edwards tó kọ orin náà yarí, orúkọ wọn sì wọ inú àwo.

Nínú àwọn rápà tó gé orin láìgba àṣẹ, Biz Markie ni ìyà jẹ jù. Ní 1991, adájọ́ kan ní New York bẹ̀rẹ̀ ìdájọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú òfin inú Bíbélì tó ní kí á má jalè, wọ́n sì kó àwo rẹ̀ kúrò lórí àtẹ. Àwo tó ṣe tẹ̀ lé e, ó pè é ní "All Samples Cleared!" Ọmọkùnrin náà mọ àwàdà ṣe.

Ẹnì kẹta wà tí òfin kì í sábà rí, ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ lu ohun èlò, òun gan-an ló ń ká mi lára. Ní 1997, Puff Daddy gé gìtá inú "Every Breath You Take" ti The Police sínú "I'll Be Missing You". Andy Summers ló ta gìtá yẹn. Sting ni orúkọ rẹ̀ wà lórí orin gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́, òun ló sì gba owó orí orin náà. Clyde Stubblefield ló lu "Funky Drummer" fún James Brown. Bí ọ̀pọ̀ rápà ṣe gbé ìlù yẹn tó, kò gba owó kankan lórí wọn títí tó fi kú ní 2017. Ti Gregory Coleman burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìṣẹ́jú-àáyá méje ló fi dá ìlù lù nínú "Amen, Brother" ti The Winstons ní 1969. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin ló ti gbé e. Coleman kú ní 2006 láìnílé lórí, kò sì sí kọ́bọ̀ tó ti ibẹ̀ wá bá a. Ní 2015, àwọn olólùfẹ́ orin dáwó jọ fún Richard Spencer, olórí ẹgbẹ́ náà, ó tó £24,000. Ọwọ́ àwọn onílù gan-an ni ìwọ náà gé, kì í ṣe ohùn olórin.

Lórí òfin ilé wa: fún ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀, Nàìjíríà ń ka 50 ọdún láti òpin ọdún tó jáde, nítorí náà ti àwo 1968 ti parí. Orin fúnra rẹ̀ yàtọ̀: 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́ ni. Má sì jẹ́ kí inú rẹ tètè dùn o. Bí orin rẹ bá ti dé Spotify, ó ti dé Amẹ́ríkà nìyẹn, níbẹ̀ sì rèé, ọdún àwo 1968 kò tíì pé.

Orin rápù tí o fẹ́ tún kọ ńkọ́? Lóòótọ́, rápà tó bá ń ka ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bí ẹni pé tirẹ̀ ni, ẹ̀sín ni. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ayé bá mọ ibi tí orin ti wá, àyẹ́sí ni. Ní 1993, Snoop Dogg tún "La Di Da Di" ti Doug E. Fresh àti Slick Rick kọ, ó yí orúkọ àti ibùgbé inú rẹ̀ padà sí tirẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Fugees fẹ́ yí ọ̀rọ̀ inú "Killing Me Softly" padà, àwọn tó kọ ọ́ ní rárá. Wọ́n kọ ọ́ bó ṣe wà, wọ́n ki ìlù hip hop sábẹ́ rẹ̀, òun ló sì sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní 1996. Nǹkan tí mi ò fẹ́ kí o ṣe ni irú èyí tí Serge Gainsbourg, ará Faransé, ṣe ní 1964: ó kó orin Babatunde Olatunji, ọmọ Àjìdó wa níbí, sínú àwo rẹ̀, kò sì fi orúkọ Olatunji síbẹ̀.

Ohun tí màá ṣe rèé bí mo bá jẹ́ ìwọ. Wo ara àwo náà, kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde àti ti olórin sílẹ̀. Bi MCSN, àwọn tó ń gba owó fún àwọn olórin, bóyá orin náà wà lọ́dọ̀ wọn, kí o sì wá ìdílé olórin lọ. Kọ̀wé sí wọn kí orin tó jáde: ibi tí o gé, bó ṣe gùn tó, ìpín tí o fẹ́ fún wọn. Ìpín náà lè pọ̀. Burna Boy fẹnu ara rẹ̀ sọ pé 60 nínú 100 owó "Last Last" ni Toni Braxton ń gbà, nítorí orin rẹ̀ ló gé síbẹ̀. Bí wọn kò bá gbà, lọ bá alágídìgbo àti oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn níbẹ̀, kí wọ́n lu tuntun fún ọ. Ìpín tiwọn náà, kọ ọ́ sínú ìwé, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó kó ìlù wọn sọ́kọ̀.