Wọ́n Ní Íńṣọ́ránsì Kò San? Má Tíì Lọ Sílé

Àbúrò mi, sún mọ́ mi, ká sọ ọ̀rọ̀ oògùn yìí, torí a kì í sọ ọ́ síta láàárín wa. Àwa tá a wà ní Amẹ́ríkà níbí, obìnrin á wọ aṣọ ẹbí wá sóde, á kí gbogbo èèyàn tẹ̀ríntẹ̀rín, kò sì ní sẹ́ni tó mọ̀ pé ìdajì oògùn wárápá rẹ̀ ló lò láàárọ̀, kó má bàa tán kí oṣù tó parí. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Oògùn wárápá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá dín kù. Ẹni tó bá ṣàdédé dá a dúró, wárápá lè gbé e lójijì, kó má tètè fi í sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún ńkọ́? Bó bá ń fo oògùn rẹ̀, ara lè kọ kíndìnrín náà.

Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 nìkan ni Medicare, íńṣọ́ránsì ìlera ìjọba àpapọ̀ tó lè bá wa san owó oògùn, wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́, tó sì ti ń dá owó Social Security, tí àìsàn tàbí ìpèníjà ara wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń san owó SSDI fún un, á bọ́ sínú Medicare lẹ́yìn oṣù 24, kódà kó jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó ní ALS, àìsàn tó ń sọ iṣan ara di aláìlágbára, kì í dúró fún oṣù 24 yẹn rárá. Part D ni apá tó ń san owó oògùn. Ọdún 2006 ló bẹ̀rẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ íńṣọ́ránsì aládàáni ló sì ń tà á.

Ìyípadà tó dé bá a tóbi. Tẹ́lẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti máa sọ fún ẹ pé owó tó o san lọ́dún yìí ti tó. Òfin tí Ààrẹ Biden fọwọ́ sí ní August 2022 ló yí i padà. Láti 2025, bí owó oògùn tó jáde lápò rẹ bá ti pé $2,000, o ò ní san kọ́bọ̀ mọ́ títí ọdún á fi parí. Ní 2026, ó di $2,100. Insulin tó wà nínú ètò rẹ náà kò gbọ́dọ̀ ju $35 lọ lóṣù.

Ṣùgbọ́n fetí sí mi dáadáa níbí. Oògùn tó wà nínú ìwé àkójọ oògùn ètò rẹ nìkan ni wọ́n ń kà mọ́ $2,100 yẹn. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ìwọ lo máa san gbogbo rẹ̀, wọn ò sì ní kà á mọ́ ọn. Wọn kì í ka owó oṣooṣù ètò náà mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn sí ìmọ̀ràn “mú èyí tó pọ́ọ́kú jù” tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp. Ètò tí kì í gba nǹkan kan lóṣù, tí oògùn rẹ ò sì sí nínú rẹ̀, òun gan-an ló wọ́n jù.

Lọ́dọọdún, kí September tó parí, ìwé kan máa ń dé láti ọ̀dọ̀ ètò rẹ, Annual Notice of Change lorúkọ rẹ̀. Jọ̀ọ́, ṣí i. Wọ́n lè ti yọ oògùn rẹ kúrò, wọ́n lè ti gbé e sí ìpele tó wọ́n jù. Wọ́n sì lè ní kó o kọ́kọ́ lo oògùn míì wò ná, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní step therapy, tàbí kí dókítà gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó sanwó, ìyẹn prior authorization. Mọ orúkọ méjèèjì, torí ohun tí wàá gbọ́ nídìí káńtà nìyẹn. Láti October 15 sí December 7 lo lè yan ètò míì, kó sì bẹ̀rẹ̀ ní January 1. Kó gbogbo ìgò oògùn rẹ sórí tábìlì, kọ orúkọ wọn àti ìwọ̀n wọn, kó o tẹ̀ wọ́n sórí Medicare.gov, kó o wo ètò tó gba gbogbo wọn. Bí ọwọ́ tàbí ojú rẹ ò bá jẹ́ kó rọrùn, pe SHIP, àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí Medicare. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló ní i, ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í sì í ta nǹkan kan. Mo fọkàn tán wọn ju ẹni tó ń gba owó lórí ètò tó bá tà fún ẹ.

Ká wá ní January dé, o dé ilé oògùn, wọ́n ní íńṣọ́ránsì kò san. Má tíì lọ sílé. Béèrè ìdí rẹ̀ gan-an, kó o kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, béèrè fún transition fill. Bó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ètò náà, tàbí tí wọ́n yọ oògùn tó o ti ń lò bọ̀ nígbà tí ọdún yí, ó yẹ kí wọ́n fún ẹ ní oògùn oṣù kan láàárín ọjọ́ 90 àkọ́kọ́, kí ìwọ àti dókítà rẹ lè ráyè ṣètò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ọ́n, wọ́n á kàn yí padà sílé.

Láàárín oṣù yẹn, ní kí dókítà kọ̀wé sí ètò náà pé kí wọ́n gbà ẹ́ láàyè, exception ni wọ́n ń pè é. Láti ìgbà tí ìwé dókítà bá ti dé ọwọ́ wọn, wákàtí 72 ni wọ́n ní láti dáhùn. Bí ìdúró bá lè ṣe ẹ́ ní jàǹbá, kí dókítà sọ bẹ́ẹ̀, á sì di wákàtí 24. “Aláìsàn yìí nílò rẹ̀” nìkan ò tó. Kó kọ oògùn tó o ti lò tẹ́lẹ̀, ohun tójú rẹ rí lórí ẹ̀, àti ìgbà tó sọ ẹ́ dèrò ọsíbítù. Bí wọ́n bá tún kọ̀, pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọ̀nà tí wàá gbé e gbà wà nínú ìwé tí wọ́n fi kọ̀ fún ẹ. Fi sọ́kàn pé ọ̀wọ́ oògùn mẹ́fà wà tí òfin ní kí gbogbo ètò Part D ní èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: ti wárápá, ti ìsoríkọ́, ti àrùn ọpọlọ, ti HIV, ti jẹjẹrẹ, àti èyí tí kì í jẹ́ kí ara kọ ẹ̀yà tí wọ́n pààrọ̀.

Ti owó ńkọ́? Extra Help wà fún ẹni tówó rẹ̀ ò tó nǹkan, Social Security lo máa kọ ọ́ sí. Ilé tó ò ń gbé àti mọ́tò rẹ kò sí lára ohun tí wọ́n ń kà. Ẹni tó bá ní Medicaid, íńṣọ́ránsì ìjọba fún ẹni tówó rẹ̀ ò tó, tàbí tó ń gba SSI, owó ìrànwọ́ tó yàtọ̀ sí SSDI, ti ní i láìkọ̀wé. Má tijú gbà á. Bí owó rẹ bá pọ̀ ju ti Extra Help lọ, o lè ní kí ètò rẹ pín owó oògùn sí oṣooṣù láìsí èlé. Kò ní dín in kù o, àmọ́ kò ní gbá ẹ mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní January.

Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ń ni màmá lára, 1-800-MEDICARE máa ń wá ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Sọ fún wọn pé Yorùbá lẹ fẹ́. Bí o kò bá ríran dáadáa, sọ fún apòògùn pé kó fún ẹ ní àkọlé gàdàgbà, Braille, tàbí èyí tó ń sọ̀rọ̀. Béèrè kó tó dì í, torí ìgò méjì tó jọra lè fi oògùn òwúrọ̀ sọ́wọ́ ẹ lálẹ́.