ORÚKỌ TA NI Ó WÀ LÓRÍ ÌWÉ ILẸ̀ ẸGBẸ́?

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí amánà. A ti gbọ́ wáàsí púpọ̀ nípa amánà owó àti ti ọ̀rọ̀ àṣírí. Èyí tí mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò ni amánà ohun ìní ẹgbẹ́.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan wà ní Festac níhìn-ín tí mo ń bá kọ́ àwọn ọmọ wọn ní kéú ní ọjọ́ Sátidé. Inú pálọ̀ fúláàtì kan ni a ti ń kọ́ wọn. Ẹni tí ó ni ín kò kùn rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bàtà àwọn ọmọ máa ń dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pa. Ẹgbẹ́ náà dá owó fún ọdún mẹ́fà, wọ́n ra ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì lápá Àmúwò. Nígbà tí ẹni tí ó ta ilẹ̀ fẹ́ kọ rìsíìtì, ó béèrè orúkọ tí òun yóò kọ. Ẹgbẹ́ kò tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ni wọ́n bá ní kí ó kọ orúkọ alága. Alága kò ní èrò ibi kankan. Mo lè búra sí i. Ní ọdún kẹta, Ọlọ́hun pè é.

Lẹ́yìn fídáù, àwọn ọmọ rẹ̀ tú ẹrù bàbá wọn, wọ́n rí rìsíìtì ilẹ̀, wọ́n sì kà á mọ́ ogún. Ṣé a lè pè wọ́n ní olè? Ohun tí ó wà lórí ìwé ni wọ́n rí. Nígbà tí ẹgbẹ́ tọ lọ́yà lọ, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó bi wọ́n ni pé, "Ta ni ó fẹ́ pe ẹjọ́?" Ó ní ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ kì í ṣe ènìyàn lójú òfin, kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò fi orúkọ tiwọn lọ, kí wọ́n sì mú ẹ̀rí wá pé owó ẹgbẹ́ ni. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ owó ìdájọ ńkọ́? Ó wà lọ́wọ́ akápò àtijọ́, ẹni tí ó ti kó kúrò ní Èkó.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹ̀sìn wa. Nígbà tí Umar ọmọ Khattab ní ilẹ̀ kan ní Khaybar, èyí tí ó fẹ́ràn ju gbogbo ohun ìní rẹ̀ lọ, ó lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ Ànábì. Ìmọ̀ràn tí ó rí gbà ni pé kí ó so ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀, kí ó máa fi èso rẹ̀ ṣe sàárà. Ni Umar bá ṣe é ní wàkáfù: a kò gbọ́dọ̀ tà á, a kò gbọ́dọ̀ fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, a kò sì gbọ́dọ̀ jogún rẹ̀. Bukhari àti Muslim gba ọ̀rọ̀ yìí wá. Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwa àfáà kì í fi kún un wà nínú ìwé Abu Dawud: Umar mú kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n jẹ́rìí sí i, ó sì dárúkọ ẹni tí yóò mójú tó o lẹ́yìn rẹ̀. Hafsa, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni ó dárúkọ. Kí àwọn tí wọ́n ní obìnrin kò gbọ́dọ̀ bá wọn jókòó ní ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ tún ibẹ̀ kà.

Ní Nàìjíríà, òfin tí ó bá èyí mu ni òfin CAMA. Ti 1990 ni a ń lò tẹ́lẹ̀, kí ti 2020, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ, tó rọ́pò rẹ̀. Ẹgbẹ́ yóò yan àwọn tí àwọn lọ́yà ń pè ní trọ́sítíì, yóò kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì kéde nínú ìwé ìròyìn méjì kí ẹni tí ó bá ní àtakò lè sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 28. Bí àjọ CAC bá ti fún un ní ìwé ẹ̀rí, ẹgbẹ́ di ohun tí ikú ẹnì kan kò lè pa. Yóò lè ní ilẹ̀, yóò lè pe ẹjọ́. Bí ó bá tilẹ̀ túká, ohun tí ó bá kù lẹ́yìn gbèsè kò ṣe é pín láàárín ọmọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ mìíràn tí iṣẹ́ wọn jọra ni yóò lọ sí. Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923. Àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀ ti lọ, àwọn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣì wà.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń gba ìwé ẹ̀rí tán kí wọ́n tó sùn lọ. Ọdọọdún, láti ìparí oṣù kẹfà sí ìparí oṣù Disẹ́ńbà, ni a gbọ́dọ̀ jábọ̀ fún CAC.

Ibi tí ó le jù ni ti owó oṣù. Umar gba ẹni tí ń mójú tó wàkáfù láàyè láti jẹ nínú rẹ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Òfin Nàìjíríà le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí ó bá wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń darí ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ gba owó oṣù níbẹ̀, àfi kí wọ́n dá owó tí ó ná láti inú àpò ara rẹ̀ padà fún un. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ lè gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, èmi tí mò ń gba owó kéú, n kò lè jẹ́ trọ́sítíì níbi tí mo ti ń gbà á. Mo mọ àwọn àfáà tí ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ nínú. Kí wọ́n rántí Ibnul-Lutbiyyah, tí Ànábì rán lọ gba sàkáà, tí ó dé tí ó ní èyí jẹ́ ti yín, èyí ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ. Ànábì bínú, ó béèrè bóyá ọrẹ náà ìbá wá bí ó bá jókòó sílé bàbá rẹ̀.

Abala 839 nínú òfin 2020 ni ó dá awuyewuye sílẹ̀ jù, nítorí ó sọ bí a ṣe lè dá àwọn trọ́sítíì dúró bí wọ́n bá ṣe ohun ìní ẹgbẹ́ báṣubàṣu. Ẹgbẹ́ àwọn Kirisitẹni, CAN, gbé e lọ sí kóòtù. Ìdámárùn-ún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà lè bẹ kóòtù pé kí ó dá trọ́sítíì dúró, kì í ṣe CAC nìkan. Èmi rò pé èyí dára fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọn kò rí ìwé ìṣirò owó rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ariwo ta ní oṣù kìíní 2017, nígbà tí òfin àjọ FRC ní kí olórí irú ẹgbẹ́ báyìí má ṣe ju 20 ọdún lọ lórí oyè. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ìjọba dá òfin náà dúró.

Ẹgbẹ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gba ìwé ẹ̀rí báyìí. Trọ́sítíì márùn-ún ni wọ́n, méjì nínú wọn jẹ́ obìnrin. Àkọ́bí olóògbé alága, obìnrin ni, ní "ilẹ̀ ẹgbẹ́" ni bàbá òun máa ń pe ibẹ̀, òun yóò fọwọ́ sí ìwé kí ó lè padà. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjì kò tíì gbà. Inú pálọ̀ náà ni a ṣì ń pàdé ní ọjọ́ Sátidé.